Wendell Kò Dí Mi Lójú

Ẹ má tíì fa okùn yẹn. Ẹ̀yin méjì tẹ́ ẹ dì í mú, ẹ dákun, ẹ tú aṣọ mi sílẹ̀, ẹ ká a, kẹ́ ẹ gbé e lé orí àga. Mo mọ̀ pé ẹ ti múra láti pàtẹ́wọ́. Mo mọ̀ pé inú òjò dídì lẹ gbà wá síbí torí kẹ́ ẹ lè rí i bí wọ́n ṣe máa gbé aṣọ Orest Halchuk kọ́ sókè àjà, kó máa wà níbẹ̀ títí ayé, kí ẹlòmíì má sì wọ nọ́ńbà rẹ̀ mọ́ nínú ẹgbẹ́ Ẹfọ̀n, ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín tiwa. Iyì ńlá ni, mi ò sì tọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú yín lọ. Dókítà ti sọ fún mi pé ó ti rẹ ọkàn mi. Ọmọ dáadáa ni, ó rọra sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó yé mi. Bí mi ò bá sọ ọ̀rọ̀ yìí lónìí, èmi àti ẹ̀ la jọ máa wọ ilẹ̀. Torí náà, ẹ jókòó. Ìwọ tó ń ta ọ̀dùnkún díndín lókè yẹn, jókòó ná, ebi ò tíì pa ẹnikẹ́ni.

Ṣẹ́ ẹ rántí ohun tẹ́ ẹ ṣe láìpẹ́ yìí? Akéde ń pe orúkọ àwa tá a jọ ṣeré nígbà náà lọ́hùn-ún, ó dé orí Wendell Pruden, ẹnì kan láàárín yín sì kígbe pé, “Kọ́tìnnì!” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, mo mọ̀. Ẹ̀rín tẹ́ ẹ bá lẹ́nu àwọn bàbá yín ni. Wendell náà rẹ́rìn-ín, ó ṣí fìlà, ó tẹrí ba fún yín. Ẹ̀yin ọmọdé tiẹ̀ lè má mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó dúró síwájú gólí tirẹ̀ bíi kọ́tìnnì lójú fèrèsé, tí gólí ò fi rí rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ọ̀pá gbá tó ń bọ̀, tí rọ́bà fi wọlé, tí Birchford ìlú wa yìí fi ṣe ìkẹyìn nínú líìgì. Èmi ni gólí náà. Ẹ sì jẹ́ n sọ bó ṣe rí gan-an, torí ohun tẹ́ ẹ gbọ́ yẹn, irọ́ ni.

Ọdún yẹn, ẹgbẹ́ Ẹfọ̀n kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì nígbà náà, ẹ̀yin náà mọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ìlú ńlá lówó, wọ́n sì ní oòrùn àti etíkun. Ọmọ wo ló máa fi etíkun sílẹ̀ kó wá máa ha yìnyín kúrò lójú mọ́tò ní Birchford? Nítorí irú wa làwọn àgbà líìgì fi ṣòfin, pé ẹgbẹ́ tó bá ṣe ìkẹyìn lọ́dún kan ni yóò kọ́kọ́ yan èyí tó wù ú nínú àwọn ọ̀dọ́ tuntun. Ẹni tí kò ní ni kó kọ́kọ́ bù, kí ọlọ́rọ̀ má baà máa fi gbogbo ìgbà jẹ gàba lé wa lórí, kí ọmọ ìlú kékeré náà lè jí lówùúrọ̀ kó sọ pé, ó lè jẹ́ àwa lọ́dún yìí. Òfin rere ni. Ẹni tó ṣe é, ó fẹ́ràn ènìyàn. Àṣé ó gbàgbé pé bí ipò ìkẹyìn bá ti lérè tó bẹ́ẹ̀, àwọn kan á máa wá a kiri. Èmi gan-an wá a.

Ọdún yẹn náà ni Évariste Nolin ń bọ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ tuntun. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n pẹ̀lú ife ẹ̀yẹ líìgì lọ́wọ́, èmi ti rí i kó tó hu irùngbọ̀n. Mo lọ wò ó ní ìlú kékeré kan ní Kebẹ́ẹ̀kì, mo jókòó sórí pákó tútù, ọmọ náà sì ń lọ, ó ń bọ̀. Èmi ò gbọ́ ìró bàtà ẹ̀ lórí yìnyín. Obìnrin kan tó ń hun ìbọ̀sẹ̀ nítòsí mi gbàgbé abẹ́rẹ́ ẹ̀ sáfẹ́fẹ́. Nígbà tí mo délé, mo ṣì ń rí i, ojú mi là sílẹ̀ lórí ibùsùn, ọmọ náà ń lọ, ó ń bọ̀.

Ní nǹkan bí ìdajì ọdún náà ni Ọ̀gbẹ́ni Ashdown pè mí. Òun ni ọ̀gá ẹgbẹ́, òun ló ń yan ẹni tí wọ́n máa rà àti ẹni tí wọ́n máa lé. Ilé kọfí tó wà lẹ́yìn pápá yìí la jókòó sí. Ó ń fi dónọ́ọ̀tì bọ kọfí, ó ní, “Orest, ṣé o fẹ́ràn ìlú yìí?” Mo ní, “Ọ̀gá, ibí ni wọ́n bí mi sí. Irú ìbéèrè wo nìyẹn?” Ó ní, “Àwọn tó ni wá ti ń bá ìlú kan sọ̀rọ̀ ní gúúsù, níbi tó jẹ́ pé inú ife ọtí nìkan ni wọ́n ti ń rí yìnyín. Bí a ò bá mú Nolin, wọ́n á kó ẹgbẹ́ yìí lọ. Bí a bá sì ṣe ìkẹyìn, tiwa ni Nolin.” Mo ní, “Ẹ sọ fún kóòṣì.” Ó rẹ́rìn-ín. “Kóòṣì? Kóòṣì fẹ́ borí. Wendell fẹ́ borí. Wendell yẹn, bó bá ń bá ìyá ẹ̀ ta káàdì, á fẹ́ borí. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè pàdánù láìsí pé ẹnikẹ́ni mọ̀, gólí sì ni.” Ẹ wò mí o. Mo lè dìde níbẹ̀. Mo lè da kọfí yẹn sí i láyà. Mo ní, “Mo gbọ́, Ọ̀gá,” mo sì mú nínú dónọ́ọ̀tì ẹ̀ jẹ. Fún ìgbà pípẹ́ ni mo ń sọ fún ara mi pé torí ìlú ni mo ṣe é. Apá kan òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí mi ń lọ, mi ò tíì gba ife rí, Ashdown sì ti ní bí Nolin bá dé, èmi ni n ó máa ṣọ́lé fún un. Mo fẹ́ ife. Ó ń wọ̀ mí lójú.

Jìbìtì gólí kò le. Ẹ ò ní rí i, ẹ̀ báà tẹjú mọ́ ọn. Kéèyàn jẹ́ kí ẹsẹ̀ pẹ́ díẹ̀ kó tó pa pọ̀, kí ọwọ́ wà nísàlẹ̀ nígbà tó yẹ kó ti gòkè, ó tán. Kóòṣì ní ó rẹ̀ mí, ó ní kí n sinmi. Ìyàwó mi Darka, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, òun nìkan ló fura. Ó gbé pírógì, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ọ̀dùnkún sínú ẹ̀, síwájú mi, ó ń wò mí bí mo ṣe ń jẹ ẹ́. Ó ní, “Tẹ́lẹ̀, bẹ́ ẹ bá pàdánù, o kì í fẹnu kan oúnjẹ. Nísinsìnyí ẹ ń pàdánù, o ń jẹun.” Mo ní, “Ebi ló ń pa mí, jọ̀ọ́.” Ó tún bu kíríìmù kíkan sí i fún mi, kò sì bi mí mọ́ títí ó fi kú.

Kẹ́ ẹ tó lè mọ ohun tí mo ṣe, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí Wendell jẹ́ sí mi. Odò kan náà tó dì lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀ la ti kọ́ bá a ṣe ń rìn lórí yìnyín. Bọ́wọ́ mi bá tutù, ìyá rẹ̀ á fi búrẹ́dì gbígbóná sí i, á ní kí n kọ́kọ́ dì í mú kí n tó jẹ ẹ́. Nígbà tá a dàgbà, Wendell ló ń ṣeré níwájú mi, èmi wà lẹ́nu àwọ̀n. Ara ló fi ń gba rọ́bà tó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Gbogbo eyín iwájú rẹ̀, torí mi ló ṣe kán. Mo máa ń ní, “Wendell, ó tó, jẹ́ kí èmi náà ṣiṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó ẹ̀ fún mi,” á ní, “Dákẹ́ ńbẹ̀, arẹwà, ẹnu tèmi ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀.” Ọdún yẹn ni àdéhùn ẹ̀ ń parí. Kóòṣì ti ṣèlérí fún un pé bó bá parí ọdún dáadáa, wọ́n á fi ọdún kan kún un. Lorraine ìyàwó ẹ̀ lóyún, wọ́n sì ti kun yàrá ọmọ.

Ìdíje ìkẹyìn lọ́dún náà, ọ̀sán ni, òjò dídì ti ń yọ́ lórí òrùlé. Ẹgbẹ́ Ìkookò la pàdé, àwa àtàwọn la jọ wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá pàdánù ló mú Nolin. Ooru ọjọ́ náà wọ inú pápá yìí, kùrukùru sì bẹ̀rẹ̀ sí í dìde láti ojú yìnyín. Ó kọ́kọ́ bo bàtà wa, ó wá dé orúnkún, nígbà tó yá, mi ò rí àwọn tó wà lódì kejì mọ́. Rẹfirí fọn fèrè, ó ní kí gbogbo wa máa yí pápá ká kí kùrukùru lè tú. Àwa àti Ìkookò, gbogbo wa dà pọ̀, à ń yí, à ń yí. Mò ń rí èjìká, mò ń rí orí, mi ò rí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ó ṣe mí bí ẹni pé a ti kú tipẹ́, tí inú wa sì dùn sí i. Wendell wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú kùrukùru yẹn, ó ní, “Orest, ó dà bí ìgbà tá a wà lórí odò.” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni.” Bó bá ṣeé ṣe, ibẹ̀ ni ǹ bá dúró sí, kí fèrè má dún mọ́.

Fèrè dún. Ẹ̀yin ènìyàn mi, Wendell tí kì í gbá rọ́bà wọlé láti ọdún dé ọdún, ó gbá ọ̀kan wọlé, ó tún gbá òmíràn. Ó sáré wá bá mi, ó fi akoto gbá akoto mi, ẹnu ẹ̀ ṣófo, ó ń rẹ́rìn-ín. “Di ẹnu ọ̀nà mú, ọ̀rẹ́ mi! A ò ní ṣe ìkẹyìn!” Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì jẹ́ kí Ìkookò dá àwọn méjèèjì padà. Nígbà ìsinmi, Ọ̀gbẹ́ni Ashdown wọ yàrá ìmúra wa. Kì í wọbẹ̀ rí. Ó kí gbogbo ọmọ, ó gbé omi lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Mu omi, Orest. Ọjọ́ ń lọ.” Ó jáde.

Ó kù díẹ̀ kí eré parí. Òkèèrè lẹni tó gbá a wà. Kùrukùru ti tú lápá ọ̀dọ̀ mi, ojú ọ̀nà mọ́ gaara. Wendell wà níwájú mi. Ó gbọ́ ìró ọ̀pá, ó sì kúnlẹ̀ kí n lè ríran gba orí ẹ̀ kọjá. Ẹ gbọ́ mi o, ẹ̀yin tó ń kígbe Kọ́tìnnì: ó kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì kan yìnyín, ó tẹ orí ba. Rọ́bà náà gba òkè èjìká ẹ̀ kọjá. Kò sáré. Mo rí i bó ṣe ń yí, mo rí ibi tí etí ẹ̀ ti họ, mo rí ìmọ́lẹ̀ àjà lára ẹ̀. Gbogbo ariwo yín ti lọ jìnnà, mò ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán láti òrùlé. Mo ní àyè tó láti gbá a mú, mo ní àyè láti tún nu imú mi. Mo mọ̀ pé bí mo bá kàn jẹ́ kó kọjá báyìí, gbogbo ènìyàn á bi mí léèrè. Mo sì pariwo. Mo ní, “Wendell, kúrò lójú mi! Mi ò rí nǹkan kan!” Gbogbo pápá gbọ́ ọ. Ìgbà náà ni mo tó jẹ́ kó wọlé. Ẹnikẹ́ni ò bi mí rí pé, ẹni tí kò rí nǹkan kan, báwo ló ṣe mọ ìgbà tó yẹ kó pariwo?

Mo lè dá kùrukùru lẹ́bi. Kùrukùru ò níyàwó tó lóyún. Ṣùgbọ́n kùrukùru ti tú, ẹ̀rù sì bà mí pé ẹnì kan á sọ pé ó ti tú. Wendell ló wà nítòsí.

Ẹ jẹ́ n mí ná. Rárá, ẹ má gbé àga wá, mo máa dúró sọ èyí tó kù, torí òun ló burú jù. Nínú yàrá ìmúra, Wendell jókòó tòun ti bàtà yìnyín lẹ́sẹ̀, ó ń sunkún. Ó ní, “Orest, mo rò pé mo kúnlẹ̀. Ó dá mi lójú pé mo kúnlẹ̀. Àbí mi ò kúnlẹ̀ ni?” Ẹ wo àyè tó fún mi. Ọ̀rẹ́ mi bi mí léèrè ohun tí ara tirẹ̀ ṣe, torí ó gbà mí gbọ́ ju ara rẹ̀ lọ. Mo ní, “O ò kúnlẹ̀ tó, Wendell.” Ó fi ọwọ́ bo ojú. Ó ní, “Dárí jì mí.” Èmi olè, èmi ọ̀dàlẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé e lórí bíi pásítọ̀, mo ní, “Mo ti dárí jì ẹ́.” Nígbà tí àwọn oníròyìn dé, mo tún sọ fún wọn pé ojú ò lè gba ara ènìyàn kọjá. Ọ̀kan nínú wọn ló fi kọ́tìnnì sí i, ẹ̀yin sì gbà á lẹ́nu ẹ̀. Ẹ mọ ara yín. Ẹ fẹ́ Nolin, ṣùgbọ́n ẹ ò fẹ́ gbà pé inú yín dùn pé a pàdánù, ẹ wá nílò ẹnì kan tẹ́ ẹ máa fi rẹ́rìn-ín.

Ìyókù, ẹ mọ̀ ọ́n. A mú Nolin, ẹgbẹ́ ò kúrò nílùú, a gba ife, ẹ gbé mi sórí mọ́tò akóyọyọ, ẹ da bíà lé mi lórí. Wọn ò fi ọdún kankan kún ti Wendell. Kò sí ẹgbẹ́ tó fẹ́ Kọ́tìnnì. Ó lọ ń kó àlìkámà sínú àká, lẹ́yìn náà ó ń tọ́jú yìnyín ní pápá kékeré ẹ̀yìn ilé ìwé, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ yín. Ọmọbìnrin ẹ̀ padà wálé láti ilé ìwé lọ́jọ́ kan, ó ní, “Bàbá, kí ni kọ́tìnnì?” Mo wà níbẹ̀. Mo wolẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, mo yà kí i ní pápá kékeré yẹn, mo bá òun nìkan lórí yìnyín, ó ń kúnlẹ̀, ó ń dìde, ó ń kúnlẹ̀, ó ń dìde. Ó ní, “Mò ń wò ó bóyá mo lè yára ju ti ọjọ́ yẹn lọ.” Orí rẹ̀ ti funfun nígbà náà. Mo ní, “Jẹ́ ká lọ mu kọfí.” Gbogbo ọmọ tó bá gba ọwọ́ ẹ̀ kọjá ló máa ń kúnlẹ̀ kíá bí rọ́bà bá ń bọ̀, ẹ ti ṣàkíyèsí rẹ̀, ẹ máa ń yìn wọ́n. Ẹ̀yin òbí wọn, ẹ wá mọ ibi tó ti wá.

Ọ̀gbẹ́ni Ashdown ti kú, n kò sì ní di ẹrù mi lé òkú lórí. Líìgì ti yí òfin padà, gègé ni wọ́n ń ṣẹ́ báyìí, kó má baà dá ẹgbẹ́ tó ṣe ìkẹyìn lójú pé òun ló máa kọ́kọ́ yan. Nítorí irú wa ni. Àwọn ìlú kékeré tí wọ́n ń ṣe ìkẹyìn ní tòótọ́, tí wọ́n ń sa gbogbo agbára wọn, àwọn ni ìyà yẹn ń jẹ.

Bí mo bá sùn lọ́sàn-án lórí àga mi, rọ́bà yẹn a máa bọ̀. Kì í dé. Ó ń yí, ìmọ́lẹ̀ ń tàn lára ẹ̀, Wendell á sì yí ojú padà láti ibi tó kúnlẹ̀ sí, á máa wò mí, á ní, “Ṣó o rí i, Orest?” Mo máa ń jí kí n tó dáhùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pè mí lórí fóònù. Ó ní wọ́n ti fún òun ní ìjókòó iwájú lónìí, ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ wá. Ó ní, “Ọjọ́ ẹ ni, Orest. Mi ò fẹ́ káwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe Kọ́tìnnì, kí n bà á jẹ́ fún ẹ lẹ́ẹ̀kejì.” Lẹ́ẹ̀kejì! Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n nà. Mo pè é padà, mo ní kó wá, mo ní mo nílò ẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ wọ aṣọ Ẹfọ̀n, ẹ pàdánù bó bá jẹ́ pé ẹ ò lè borí, kò sí ìtìjú ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá kan bá fi dónọ́ọ̀tì lọ̀ yín pé kẹ́ ẹ ta ẹni tó ń fi eyín ẹ̀ dáàbò bò yín, ẹ dìde.

Wendell, mo rí i. Láti ìgbà tó ti kúrò lẹ́nu ọ̀pá ni mo ti ń rí i. O kúnlẹ̀ tó. Kò sí ohun tí mo lè dárí rẹ̀ jì ọ́, irọ́ ni mo pa, èmi ni mo jẹ ọ́ ní ẹ̀bẹ̀. Mo ń rí i pé o ti dìde níbi ìjókòó ẹ, ṣùgbọ́n ojú mi ò dáa mọ́, mi ò mọ̀ bóyá ò ń lọ sílé ni tàbí ò ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Lorraine, di apá ẹ̀ mú, àtẹ̀gùn yẹn ń yọ̀. Ẹ fún un lọ́nà. Ẹ gbé ẹ̀rọ ohùn yìí fún un bó bá fẹ́ ẹ. Ohun tó bá wù ú ni kó sọ. Bó bá sì ní òun ò dárí jì mí, kí ẹnikẹ́ni má pariwo lé e lórí. Ẹ ti pariwo lé e lórí tó.